Ẹ Má Tíì Ra Ṣọ́ọ̀kù: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ariwo Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Mọ́tò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ tẹ́ ẹ wà níwájú, mo júbà yín, torí ọ̀dọ̀ yín la ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò ara yín, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró, ẹ fara dà á, mi ò ní pẹ́ jù.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ta ló wà níbí tí mọ́tò ẹ̀ ò dún lẹ́yìn rí? Ẹ nawọ́ sókè ká rí yín. Hẹn, mo rí ọwọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n, ọdún wo lẹ ra mọ́tò yín? Wọ́n ní àwọn ò tíì rà á! Ó dáa, ẹ sọwọ́ kalẹ̀ sà.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ yìí, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ń lọ jẹ́jẹ́, ó bọ́ sí kòtò kékeré kan, ẹ gbọ́ "kọ̀" lẹ́yìn. Ẹ ní kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, "kọ̀-kọ̀". Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ẹ ti ń yí rédíò sókè kẹ́ ẹ má bàa gbọ́ ọ mọ́. Àbí mo purọ́? Lẹ́yìn náà lẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa ṣe é, kò tiẹ̀ wà á wò, kò bi yín ní nǹkan kan, ó gbá búùtù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ọwọ́, ó ní "ṣọ́ọ̀kù ni". Ẹ ra ṣọ́ọ̀kù, ọ̀pá olóìlì tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa jó. Wọ́n dè é. Ẹ ń lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, ẹ dé ibi kòtò àná. "Kọ̀."

Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò, mi ò rí èyí tí wọ́n ń dá lẹ́bi bíi ṣọ́ọ̀kù, wọn kì í jẹ́ kó rojọ́ tiẹ̀ rárá. Mi ò sọ pé kì í bà jẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá rí i tí óìlì ti ń ṣàn lára ẹ̀, tẹ́ ẹ tẹ búùtù mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ tí mọ́tò ń jó lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dúró, ó ti kú nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Àmọ́ ṣọ́ọ̀kù tó ti kú, jíjó ló máa ń mú mọ́tò jó, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń kan nǹkan "kọ̀".

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, gbogbo ìyókù, àlàyé ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kẹ́ ẹ tó bèèrè pé níbo ló ti ń dún, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ìgbà wo ló ń dún. Ẹ jẹ́ n tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ìgbà wo ló ń dún, ká tó wá béèrè ibi tó ti ń dún!

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìdí tí "níbo" fi máa ń tan èèyàn jẹ.

Irin ni gbogbo ara mọ́tò, irin ò sì lè pa àṣírí mọ́. Ohùn tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ kí ohùn yẹn kó sínú irin, ó máa lé ní mítà 5,000. Ká tó ṣẹ́jú, ohun tó kan lápá ọ̀tún ti gba abẹ́ ilẹ̀ mọ́tò kọjá, ó ti bọ́ sápá òsì, ó ti gun ẹsẹ̀ àga yín, ẹ wá jókòó síbi síárìn ẹ ń búra pé apá òsì ni. Ilẹ̀ mọ́tò yẹn, awọ ìlù ni. Ẹni tó bá gbétí lé ìlù, ṣé ó lè sọ pé ibi báyìí ni ọ̀pá ti bà á? Mo ti rí ẹni tó tú gbogbo ẹsẹ̀ òsì délẹ̀, tó fọ̀ ọ́, tó pààrọ̀ rọ́bà, ọ̀tún ni olè wà tó ń wò ó. Nítorí náà tí kọ́sítómà bá sọ fún yín pé "apá báyìí ni", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má bú u, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́.

Ó dáa. Ká wá sí orí ọ̀rọ̀ kejì, òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Ìgbà wo?

Ẹ fọkàn bá mi lọ. Ẹ gun bọ́ǹpù, táyà ẹ̀yìn méjèèjì gùn ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò dún. Ẹ wá bọ́ sí kòtò, ẹsẹ̀ kan péré ló wọ̀ ọ́, "kọ̀!" Kí ló yàtọ̀? Ọ̀pá kan wà tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì, òun là ń pè ní sitabiláísà, kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ní in lẹ́yìn o, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ní in, tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá gòkè pọ̀ ńṣe lọ̀pá yẹn kàn máa yí lójú kan, kò sẹ́ni tó lọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kan bá gòkè tí èkejì dúró sílẹ̀, ọ̀pá á lọ́, orí lìńkéèjì kékeré méjì tó dì í mú ni gbogbo wàhálà yẹn máa bọ́ sí. Tí lìńkéèjì bá ti jẹ, ibẹ̀ ló ti máa ké. Tó bá ń ṣe yín bí iyèméjì, ẹ tú lìńkéèjì méjèèjì, ẹ so ọ̀pá náà rọ̀ sókè kó má máa gbá nǹkan, kẹ́ ẹ rọra wà á síwájú díẹ̀. Mo ní rọra o! Mọ́tò á máa fì ní kọ́nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá dákẹ́, ẹ ti mú olè, ẹ ò sì tíì náwó kankan.

Ẹ tún wo èyí. Ó ń dún lójú ọ̀nà tó rí wórokowòroko, tẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ tán, ó dákẹ́. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni bíréèkì ṣe? Ó di páàdì mú ni, ìyẹn pẹlẹbẹ tó máa ń fún àwo ẹsẹ̀ táyà kí mọ́tò lè dúró. Páàdì ló ń mì nínú ilé ẹ̀, bóyá irin pẹlẹbẹ kékeré tó yẹ kó dì í mú ti já tàbí ẹni tó pààrọ̀ páàdì kẹ́yìn jù ú nù torí ó rò pé kò wúlò, tàbí kẹ̀ kálípà, ilé tí páàdì wà nínú ẹ̀, ló ti dẹ̀. Kò kan ṣọ́ọ̀kù, kò kan lìńkéèjì.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kù. Mọ́tò bọ́ sí kòtò ńlá, kò dún. Ó ń lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà. Ẹ ó ní báwo ni kòtò ńlá ò ṣe ní dún kí òkúta kékeré wá dún? Àlàfo kékeré ló wà níbẹ̀, tí nǹkan ńlá bá tì í, á lẹ̀ mọ́ apá kan, á dúró síbẹ̀, àmọ́ tí nǹkan wẹ́wẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, á máa lọ á máa bọ̀ nínú àlàfo yẹn, ìyẹn lẹ̀ ń gbọ́. Sípánà kan lè parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dún tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra, tàbí tẹ́ ẹ bá kúrò ní rìfáàsì bọ́ sí iwájú, ẹ wo búṣìn, ìyẹn rọ́bà orí àwọn áàmù, irin gígùn tó di ẹsẹ̀ mú síwájú sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí èrò bá kún nìkan ni, ẹ wo bóyá sípíríǹgì ti kán tàbí sàlẹ́ńsà ń kan ilẹ̀ mọ́tò. Tó bá jẹ́ pé ó ń yí bí táyà ṣe ń yí, ẹ sáré sí i ó ń sáré, ẹ fà á ó ń fà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wà á délé o. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò. Mi ò ní sọ ìtàn ìyẹn lónìí torí kò dùn ún gbọ́.

Orí ọ̀rọ̀ kẹta, ahọ́n yín.

Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò ṣàwàdà. Èdè wa ti ṣiṣẹ́ yìí fún wa tipẹ́. Tí èèyàn bá wọlé tó ní "mọ́tò mi ń pariwo", mi ò ní sọ nǹkan kan, màá ní ẹ fi ẹnu ṣe é kí n gbọ́. "Kẹ́-kẹ́-kẹ́", ohùn òkè, ìyẹn irin kan irin, nǹkan tín-ín-rín, páàdì, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara sàlẹ́ńsà. "Kọ̀-kọ̀", ohùn ti wálẹ̀, irin ni ṣùgbọ́n ó nípọn díẹ̀, lìńkéèjì, orí ṣọ́ọ̀kù. "Gbì", nǹkan tó wúwo ni, rọ́bà wà láàárín, búṣìn áàmù. "Wọ̀nwọ̀njàn", ẹ lọ yẹ búùtù wò, jáàkì ni. "Hùùùù" tó ń ga bí eré ṣe ń ga, ìyẹn ò kan ìpàdé òní, bẹ́árìn tí táyà fi ń yí nìyẹn. Mi ò sọ pé òfin ni o, ẹlòmíràn wà tí gbogbo nǹkan jẹ́ "gbàgà" lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí i pé ẹnu ẹni tó ni mọ́tò sábà máa ń mọ ohun tí orí ẹ̀ ò mọ̀.

Ọ̀gá ńlá kan wá lọ́jọ́ kan, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì, mo ní ẹ fẹnu ṣe é sà. Ojú tì wọ́n. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní "gbì". Mo ní ẹ̀ẹ̀melòó? Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan, tí àwọn bá tẹ bíréèkì. Mo ní ṣé gbogbo ìgbà? Wọ́n ronú títí, wọ́n ní rárá o, tí àwọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo kún táńkì kì í dún, tó bá ti dé ìdajì ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, kí ni yẹn? Ẹ pariwo ẹ̀! Ẹ ṣeun, táńkì! Irin pẹlẹbẹ tó gbá táńkì mọ́ra lábẹ́ ti dẹ̀, tí epo bá kún táńkì ń wúwo, ó jókòó síbi tó wà, tó bá ku ìdajì epo á máa yí gbirigbiri nínú ẹ̀, bíréèkì bá ti wọlé epo á sáré síwájú, á gbé táńkì lọ kan irin. Ọ̀gá yìí ti pààrọ̀ búṣìn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nípa epo.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ara mi, kẹ́ ẹ má lọ máa rò pé mo gbọ́n.

Mọ́tò tèmi gan-an. Ó ń dún lẹ́yìn, "kọ̀-kẹ́, kọ̀-kẹ́", lápá òsì. Èmi tí wọ́n ń pè lọ́gàá, mo dì í lámùrè. Mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù méjèèjì. Ó ń dún. Mo pààrọ̀ lìńkéèjì. Ó ń dún. Mo tú áàmù, mo fún búṣìn mẹ́rin jáde, mo fún tuntun wọlé, iṣẹ́ ọjọ́ kan àbọ̀, ẹ̀yìn dùn mí. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó ń dún! Ìyàwó mi ní ṣé bó o ṣe ń ṣe mọ́tò àwọn èèyàn nìyẹn? Mi ò lè dáhùn.

Ọjọ́ kan ni mo gbé màmá mi jáde. Màmá wọlé sẹ́yìn, wọ́n jókòó sápá òsì, wọ́n fẹ̀yìn tì. Ariwo dákẹ́. Pátápátá! Mo wakọ̀ lọ sí gbogbo kòtò tí mo mọ̀, màmá ní ṣé ọmọ yìí ò rí ọ̀nà ni, kò dún. Mo sọ màmá kalẹ̀, mo yí padà, "kọ̀-kẹ́". Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mọ́tò yìí ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ìwúwo ni. Ẹ̀yin náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Mo wá di iyanrìn sínú àpò, mo wọ̀n ọ́n kó tó màmá, mo kó o sínú búùtù, mo wà á. Ó ń dún. Ẹ ò rí i báyìí? Ìwúwo kan náà, ariwo ò dákẹ́. Tí kì í bá ṣe ìwúwo, kí ni màmá ṣe tí iyanrìn ò ṣe? Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo pa mọ́tò, mo ń ronú. Ohun tí màmá ṣe ni pé wọ́n fẹ̀yìn ti síìtì.

Mo bọ́ sẹ́yìn, mo di orí síìtì yẹn mú, mo mì í. "Kọ̀-kẹ́."

Ẹ̀yìn síìtì tó ń ká wálẹ̀ yẹn, ìkọ́ kan ló dì í mú mọ́ ara mọ́tò, ìkọ́ yẹn ti jẹ, ó ti dẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ̀yìn tì í, á lẹ̀ mọ́ apá kan, tí kò bá sẹ́nì kankan, á máa gbá irin. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí mo gé lára túùbù àtijọ́ ni mo yí mọ́ irin tó ń kọ́, ọ̀rọ̀ parí. Mo wo ṣọ́ọ̀kù tuntun, mo wo lìńkéèjì tuntun, mo wo búṣìn mẹ́rin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún nǹkan bí oṣù méjì.

Ó tún ku díẹ̀ nínú ìtàn yìí, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Kò pé ọdún kan, ariwo mìíràn dé, "gbì", ti gidi wàyí. Búṣìn tuntun tí mo fún wọlé yẹn ló ti ya. Kí ló dé tó fi tètè ya? Èmi ni mo yà á. Nígbà tí mo ń de áàmù, mọ́tò wà lókè, ẹsẹ̀ ń fì lókè, mo di bóòtì pinpin níbẹ̀. Rọ́bà inú búṣìn máa ń lẹ̀ mọ́ irin àárín ẹ̀ ni, kì í yí, lílọ́ ló máa ń lọ́. Tẹ́ ẹ bá dè é pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ń fì, ibi tó wà yẹn ló máa gbà sílé, tẹ́ ẹ bá wá sọ mọ́tò sílẹ̀, rọ́bà ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tọ̀sán tòru ló wà nínú ìnira. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbọ́ o: ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ di bóòtì díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwúwo mọ́tò bọ́ sórí ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń wà lójú ọ̀nà, ìgbà yẹn lẹ tó dì í pinpin, kẹ́ ẹ sì dì í dé ìwọ̀n tí ìwé mọ́tò náà kọ.

Ó wá kan wíwọ abẹ́ ẹ̀. Mi ò ní pẹ́ níbí yìí torí ọwọ́ ló máa fi hàn, kì í ṣe ẹnu. Jáàkì kì í ṣe òrùlé, ẹ má fi orí yín sábẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e, ẹ fi sitáǹdì gbé e lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá sì ń fì lókè, ó máa ń fa àwọn nǹkan tó dẹ̀ le, ẹ ó mì í títí kò ní mì, ẹ ó ní ó dáa, torí náà ibi tí mọ́tò ti lè dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ sì lè wọ abẹ́ ẹ̀ ló dáa jù, kí ẹnì kan máa mì í láti òkè kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan lìńkéèjì, kan orí ṣọ́ọ̀kù, kan áàmù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ máa ń gbọ́ ju etí lọ. Ẹ ṣọ́ ìka yín o.

Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ abẹ́ mọ́tò kẹ́ ẹ tó wò ó! Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan ń kọ́ yín pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹrẹ̀ yẹn, ẹlẹ́rìí ni. Ibi tí irin bá ti ń kan irin, ẹrẹ̀ kì í dúró síbẹ̀, á máa dán yànrànyànràn, nígbà míì ẹ ó rí ìyẹ̀fun pupa díẹ̀ létí nọ́ọ̀tì tó ń mì. Tẹ́ ẹ bá ti fomi fọ̀ ọ́, gbogbo irin á dọ́gba lójú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà nídìí ẹ̀, ẹ lọ wà á, ẹ padà wá wò ó bóyá ìlà ṣì bára mu. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tọ sípíríǹgì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ tí omi àti iyanrìn ń kó sí ló sábà máa ń kán, á kán síbẹ̀ á sì jókòó sínú àwo ẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun èèrà.

Ìbéèrè ti pọ̀ lójú yín, mo rí i. Kí á tó dé ibẹ̀, àbúrò tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé níbẹ̀ yẹn, tó ní mọ́tò òun ń dún lẹ́yìn láti oṣù tó kọjá tó sì ti ra ṣọ́ọ̀kù sínú búùtù, ẹ dìde. Ẹ kú ìfaradà. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù yẹn jáde, títí kan ẹ̀sítírà táyà àti ṣọ́ọ̀kù tuntun náà. Ẹ ní báwo ló ṣe ń dún? Ẹ má tijú. "Kẹ́-kẹ́"? Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì ńkọ́? Ẹ ò tíì wò ó rí. Ó dáa, ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin méjì ẹ wọlé sẹ́yìn, ẹ pa rédíò, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ọ.